Àkọ̀ ìbọn tí ara gbà: bí a ṣe ń yan èyí tí a ó máa gbé sábẹ́ aṣọ ní Amẹ́ríkà

Àpótí bàtà kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Houston, àkọ̀ ìbọn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Owó mi ni mo fi ra gbogbo wọn, n kò sì lo ọ̀kankan mọ́ nínú wọn. Ọ̀kan ń gún mi ní egungun ìbàdí. Ọ̀kan ń bó mi lára. Ọ̀kan rọ̀ débi pé mo lè fi ìka tẹ tírígà láti ìta. Èyí tí mo ń gbé lónìí ni ìkẹsàn-án, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tó ti wà ní ìbàdí mi nígbà tí mo bá jókòó sídìí ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, tí òfin gbà láyè láti ní ìbọn ìléwọ́, tó sì fẹ́ gbé e sábẹ́ aṣọ láìjìyà, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan gbà pé ìrora wà lára ohun tí ẹni tó ń gbé ìbọn gbọ́dọ̀ fara dà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àkọ̀ tó bá ń gún ni, ọwọ́ ẹni kì í kúrò lára rẹ̀. A ó máa fà á sókè nídìí káńtà, a ó máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a bá ti jókòó, ẹni tó bá sì lójú inú nítòsí á ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tó bá wá sú wa, a ó yọ ọ́, a ó tì í sínú pijinhóòlù ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Olè á fọ́ gíláàsì lóru, tàbí ọmọ ọdún mẹ́rin á ṣí i níbi tó ti ń wá bisikíìtì. Ìrọ̀rùn ló ń jẹ́ kí ìbọn dúró sára ẹni tó ni ín.

Ẹ yẹ òfin wò kí ẹ tó ná owó

Ní Texas, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kà léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ òfin náà dárúkọ àkọ̀: bí ojú bá lè rí ìbọn náà, inú àkọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Maryland àti New York, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ná, ẹ ó sì jókòó sí kíláàsì wákàtí 16 kí wọ́n tó fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ wakọ̀ kọjá ààlà ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó wà níbẹ̀ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àbẹ̀wò ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè ní in. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ìbọn mú kí wọ́n fi ya fọ́tò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. Ẹ má sì ṣe gbé àṣà yìí lọ sílé: láti ọdún 1959 ni òfin ìbọn Nàìjíríà ti ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohun tó gbọ́dọ̀ wà kí ìrọ̀rùn tó dé

Àkọ̀ gbọ́dọ̀ bo tírígà pátápátá, ìyẹn ibi tí ìka ń tẹ̀ kí ìbọn tó dún, kó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Ó gbọ́dọ̀ di ìbọn mú. Ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró ní ṣíṣí lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa ìbọn yọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Awọ tó ti gbó máa ń rọ̀ lẹ́nu, á ká wọnú. Bí ẹ bá ń dá ìbọn padà, etí awọ yẹn á há sí ibi tírígà, ìbọn á dún sí itan onítọ̀hún. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn rí, kì í ṣe àlọ́.

Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí. Mo yọ mágásíìnì, ìyẹn ilé ọta, kúrò. Mo fa irin òkè ìbọn tó ń sún sẹ́yìn kí ọta tó wà nínú ihò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo wo inú ihò náà, mo tún ki ìka bọ̀ ọ́, torí ojú lè tan ni jẹ. Gbogbo ọta á lọ sí yàrá mìíràn. Lẹ́yìn náà ni mo ti ìbọn òfìfo náà sínú àkọ̀, mo sì fetí sílẹ̀: èyí tó dára á dún "kẹ́" bó bá ti wọlé tán. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ̀n ọ́n. Bó bá já bọ́, mo fún skúrù rẹ̀ díẹ̀, mo tún gbọ̀n ọ́n. Bí kò bá ní skúrù tí mo lè fún, ó ti di èrò inú àpótí bàtà.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ sí lára pé gbogbo ìbọn ló gbà. Àkọ̀ ìbọn Glock 19 kì í ṣe àkọ̀ ìbọn SIG P365. Bí ẹ bá so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìbọn, ẹ ra àkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìbọn yẹn àti tọ́ọ̀ṣì yẹn pa pọ̀. Àwọn àkọ̀ aláṣọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní dọ́là 15 máa ń rọ ara lọ́rùn lọ́jọ́ tí ẹ rà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìríran tó wà ṣóńṣó lórí ìbọn á máa ya inú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, títí okùn rẹ̀ á fi tú. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí yóò máa gbé lára yín

Ẹ fi ojú inú wo ìbàdí yín bí ojú aago. Ìdodo ni aago 12, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni aago 3, ọ̀pá ẹ̀yìn ni aago 6. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì á yí i padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti aago 3 sí 5, nínú ṣòkòtò. Ó rọrùn fún ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, èèkù ìbọn á yọ gọngọ lẹ́yìn ẹ̀wù, ẹ kò sì ní rí i, àwọn tó wà lẹ́yìn yín ni yóò rí i. Nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, apá ọ̀tún awakọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bẹ́líìtì ìjókòó, gẹ́lẹ́ níbi tí ìbọn náà wà. Ojoojúmọ́ ni irin ibẹ̀ àti èèkù ìbọn mi ń jà, kí n tó kó kúrò níbẹ̀.

Aago 1 ni mo ń lò báyìí: iwájú, lápá ọ̀tún ìdodo, ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì. Ẹ̀wù bò ó dáadáa, ojú mi àti ọwọ́ mi sì súnmọ́ ọn nígbà gbogbo, bí èrò bá tilẹ̀ ń tì mí níbi tí wọ́n pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n n kò ní bo ewu rẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹnu ìbọn dojú kọ itan, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yan ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù púpọ̀ nígbà tó bá ń dá ìbọn padà sínú àkọ̀. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ kò ní láti sá fún un. Kó sún un díẹ̀ sọ́tùn-ún kúrò níbi tí ikùn ti yọ jù, kó sì dán gíga mẹ́ta mẹ́rin wò kó tó pinnu.

Ẹ má gbé e sí aago 6. Bí ẹ bá yọ̀ ṣubú sẹ́yìn lórí yìnyín, irin líle ni ọ̀pá ẹ̀yìn yín máa balẹ̀ lé. Inú àpò ṣòkòtò dára fún ìbọn tó kéré gan-an, bó bá ní àkọ̀ tirẹ̀, tí kò sì sí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Ti báàgì obìnrin, èmi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n lè já a gbà, a lè gbé e kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ á sì wá súìtì débẹ̀.

Ìwọ̀n ìbọn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Glock 19 tó kún fún ọta wọ̀n tó gíráàmù 855, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ní ìhà kan ara láti àárọ̀ di alẹ́. P365 tí kò ní ọta nínú kò ju nǹkan bí gíráàmù 500 lọ. Àmọ́ kí ẹ má rò pé ọ̀pá ìbọn tó kúrú ló ń fi ara pamọ́ jù. Inú ṣòkòtò ni ọ̀pá wọ̀ lọ, ta ló máa rí i? Èèkù ló ń tú àṣírí. Níwájú, àkọ̀ tó gùn díẹ̀ tilẹ̀ máa ń dúró jẹ́ẹ́ ju èyí tó kúrú lọ, nítorí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí ibi fara tì, orí rẹ̀ kò sì ní máa yẹ̀ síta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bẹ́líìtì kí ẹ tó dá àkọ̀ lẹ́bi

Ìdajì nínú ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ń rò fún mi nípa àkọ̀ wọn, bẹ́líìtì ló jẹ̀bi. Bẹ́líìtì táa fi ń wọ kóòtù lọ sí ọ́fíìsì rọ̀. Ìbọn á fà á wálẹ̀, ẹ ó wá fún un mọ́ra títí ikùn á fi máa ro yín, síbẹ̀ kò ní dúró. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn, tó fẹ̀ tó ínṣì kan ààbọ̀, tó le lápá òkè sí ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ká yí ìbàdí dáadáa. Èyí tí kò ní ihò, tí ẹ lè fún tàbí tú díẹ̀díẹ̀, ló dára jù, nítorí ìbàdí tó wà ní ìdúró kì í ṣe ìbàdí tó jẹ iyán tán tó sì jókòó. Ẹ ra ṣòkòtò tó fi ínṣì kan tàbí méjì tóbi ju èyí tí ẹ ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ṣòkòtò tó há, kò sí àkọ̀ tí kò ní gún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kydex, awọ, tàbí àdàlù

Kydex jẹ́ pílásítíìkì líle tí wọ́n ń fi iná mú rọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrísí ìbọn. Ẹnu rẹ̀ kì í pa dé, omi ọṣẹ lẹ fi ń fọ̀ ọ́, òógùn kì í wọ̀ ọ́. Ní ooru Houston, mi ò rí nǹkan míràn tó tó o. Ẹ má kàn fi í sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí iná ló fi gba ìrísí, ooru ọkọ̀ tí wọ́n tì pa lè yí ìrísí náà padà. Awọ máa ń bá ara mu bó bá ti pẹ́, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń mu òógùn, ó sì ń gbó lẹ́nu bí mo ṣe sọ. Àdàlù, tó ní awọ tàbí aṣọ lẹ́yìn àti Kydex níwájú, tẹ́ sára dáadáa, àmọ́ ó fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè rọ̀ láìpẹ́. Ojúlówó Kydex máa ń tó dọ́là 50 sí 100.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tún un ṣe títí yóò fi gbà

Ibí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró lé lórí, nítorí ibí ni mo ti fi owó mi ṣòfò. Mo ń ra àkọ̀ tuntun nígbà tí ó yẹ kí n tún èyí tó wà lọ́wọ́ mi ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gíga. Ọ̀pọ̀ àkọ̀ ló ní ihò mélòó kan níbi tí ìdè rẹ̀ ti kan bẹ́líìtì. Bó bá lọ sísàlẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ àkọ̀ á gún yín ní orí itan nígbà tí ẹ bá jókòó, ọwọ́ yín kò sì ní lè gbá èèkù mú dáadáa. Bó bá ga jù, orí ìbọn á máa tẹ̀ síta bí ọ̀pẹ tí ìjì gbá. Ẹ sún un ní ihò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ tún un wò. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wo bó ṣe dagun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, tí ẹ bá dagun èèkù síwájú ní nǹkan bí dígírì 15, kò ní yọ lẹ́yìn ẹ̀wù. Níwájú ara, ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán.

Ohun kékeré méjì ló tún ayé mi ṣe. Ìkíní ni èyí tí àwọn tó ń ṣe àkọ̀ ń pè ní claw, apá kékeré kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírígà. Bẹ́líìtì á tẹ̀ ẹ́, òun náà á sì yí èèkù wọlé sí ikùn. Ìkejì ni fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àkọ̀ lápá ibi tó kan ara, wọ́n ń pè é ní wedge. Ó ń ti ìsàlẹ̀ àkọ̀ jìnnà sí ara, bí ìsàlẹ̀ bá sì ti jáde, òkè á wọlé. Ẹ lè ṣe tiyín nílé. Mo gé fóòmù láti ara bàtà ìwẹ̀ tó ti já, mo fi ọ̀bẹ gé e sí bí igun mẹ́ta, kó nípọn tó ìka kan nísàlẹ̀, kó sì máa tínrín lọ sókè. Mo fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ínṣì kan sí ẹnu ìsàlẹ̀ àkọ̀, mo wọ̀ ọ́ rìn yí ilé ká. Mo sún un sókè díẹ̀, mo tún rìn. Nígbà ìkẹta, ìgúnni tí mo ti fara dà fún oṣù mẹ́jọ dópin. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sì ń dúró de ìrora náà. Kò dé.

Síńgílẹ́ẹ̀tì owú láàárín àkọ̀ àti awọ ara á gba òógùn dúró, ara kò sì ní bó. Bí etí àkọ̀ bá mú, páálí iyanrìn tí ojú rẹ̀ kúnná á pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹ kò bá ti dé ibi tó bo tírígà tàbí ibi tó di ìbọn mú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọkọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti aṣọ ẹbí

Ẹ má fi ìdúró níwájú dígí ra àkọ̀. Ẹ jókòó sórí àga líle, ẹ jókòó sórí àga tìmùtìmù, ẹ wọnú ọkọ̀ yín, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà. Ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa ṣe ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú: kí ìbọn dúró sínú àkọ̀, kí ṣòkòtò má balẹ̀ débi tí yóò fi hàn lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má sì yọ ọ́ lé orí nǹkan kan níbẹ̀. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ìbọn sí.

Aṣọ wa wá ní tirẹ̀. Ṣòkòtò olókùn kò ní ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, okùn náà kò sì lè gbé nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n tó kílò kan. Ìró obìnrin, a máa ń tú u, a máa ń tún un ró láàárín èrò. Ẹ má fi àkọ̀ kọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó ṣe é lò ni àkọ̀ líle tó ní bẹ́líìtì tirẹ̀ tó ń dì mọ́ ara lábẹ́ aṣọ. PHLster Enigma wà nínú irú rẹ̀, ó sì bá ọkùnrin àti obìnrin mu. Ọ̀já ikùn alárọ́bà lásán kò tó, àyàfi bí ike líle bá wà nínú rẹ̀ tó bo tírígà. Agbádá ńkọ́? Ó ń bo gbogbo nǹkan, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n aṣọ rẹpẹtẹ yẹn ló ń wọ ẹnu àkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń dá ìbọn padà.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kan níbi ìkómọjáde lọ́jọ́ kan, ìbọn wà ní aago 1 mi. Èèkù gbá mi ní egungun ìhà, àkọ̀ náà yí lábẹ́ bùbá, nígbà tí mo sì dìde, ọwọ́ mi lọ síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rí i. Ojú rẹ̀ yí padà, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi ìbọn sínú séèfù nílé bí mo bá ń lọ òde. À ń dọ̀bálẹ̀, à ń kúnlẹ̀, à ń dì mọ́ra, ọmọdé ń gun itan ẹni, ọtí sì wà níbẹ̀. Òfin Texas kò gbà kí ẹni tó ti yó gbé ìbọn kiri níta, kò sì gbà á níbi tí wọ́n bá lẹ àmì pupa 51% mọ́, ìyẹn ibi tó jẹ́ pé ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé

Ẹ gbé e pẹ̀lú ìbọn òfìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé kí ẹ tó gbé e jáde. Wákàtí kan lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ máa fi kún un. Ibi tó ń ro yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Fífà á yọ lè yá. Dídá a padà kò gbọdọ̀ yá láéláé. Ẹ gbé aṣọ kúrò, ẹ wo ẹnu àkọ̀ bóyá okùn jákẹ́ẹ̀tì tàbí etí ẹ̀wù wà níbẹ̀, kí ìka yín jìnnà sí tírígà, kí ẹ wá ti ìbọn wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohunkóhun tó bá dì í lọ́nà, ẹ dúró, ẹ fà á jáde, ẹ wò ó. Èmi tí mò ń gbé e síwájú, láàárọ̀, mo máa ń yọ àkọ̀ kúrò ní ìbàdí, mo ti ìbọn sínú rẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ kò kọjú sí ènìyàn, kí n tó wá gbé àwọn méjèèjì wọ inú ṣòkòtò pa pọ̀.

Lóṣooṣù, ẹ yẹ skúrù àkọ̀ náà wò. Ìrìn ojoojúmọ́ ń tú wọn, ìdè kan tó bá sì bọ́ lójú ọ̀nà, ìbọn àti àkọ̀ ni yóò bá ẹ̀wù yín jáde. Mo ń fi Loctite aláwọ̀ búlúù, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí skúrù tú, kán ojú skúrù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pupa, torí pupa kì í tú láìfi iná sí i. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, mo fi kútẹ́ẹ̀sì funfun ìyàwó mi fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láti orí skúrù dé ara àkọ̀. Bí ìlà náà bá ti yà sí méjì, skúrù ti yí nìyẹn, ó ti tó àsìkò láti fún un.